Irú ojú wo ni wọ́n fi ń wo àwọn ará Amẹ́ríkà níbi tí ẹ wà?

ÌyáTọ́lání_Houston

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ìgbà tí a ti Ìbàdàn dé, mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí i.

Ó ti lé ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí mo ti ń gbé ní Houston. Ibẹ̀ ni mo bí àwọn ọmọ mi sí. Èyí àgbà, obìnrin, ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlá. Nígbà tí a lọ ṣọdún lọ́dọ̀ ìyá mi ní Òkè-Àdó, kò ju ọjọ́ kan lọ tí gbogbo ilé fi gbàgbé orúkọ rẹ̀. "Amẹ́ríkà, wá jẹun." "Ẹ bá mi bi Amẹ́ríkà bóyá ata yẹn ò pọ̀ jù fún un." Ìfẹ́ ni wọ́n fi ń pè é bẹ́ẹ̀, mo mọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, Màmá jókòó sẹ́yìnkùlé, wọ́n gbé atẹ lé ẹsẹ̀, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. Ọmọ mi gba ibẹ̀ kọjá, ó rẹ́rìn-ín sí wọn, ó béèrè lédè Gẹ̀ẹ́sì pé báwo ni ara wọn. Màmá gbé atẹ sílẹ̀ láti dá a lóhùn. Orúnkún ń yọ wọ́n lẹ́nu, jẹnẹrétọ̀ ilé kejì ò jẹ́ kí wọ́n sùn mọ́jú, ọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́nu wọn. Kí wọ́n tó gbójú sókè, ọmọ ti wọ yàrá lọ. Màmá wo ẹnu ọ̀nà yẹn fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ní: "Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Wọ́n á bi ọ́ léèrè, wọn ò ní dúró gbọ́ èsì."

Ọmọ mi gbọ́. Nígbà tó dalẹ́, ó bi mí pé kí ni wọ́n rò pé ará Amẹ́ríkà jẹ́ gan-an. N ò rí nǹkan gidi sọ fún un. Ìdí tí mo fi kọ èyí nìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé àti ẹ̀yin tí ẹ wà lókè òkun, ojú wo ni wọ́n fi ń wo àwọn ará Amẹ́ríkà lọ́dọ̀ yín, kí ló sì fà á? Èébú kọ́ ni mò ń wá o. Ohun tí mo lè gbé síwájú ọmọ ni.

Ọmọ_Ajílété

Àǹtí, ẹ kú àbọ̀ láti ilé. Ní Ògbómọ̀ṣọ́ tiwa, ọ̀rọ̀ náà yàtọ̀. Ní ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá, tí àgbàlagbà bá ti ní "òyìnbó", ajẹ́lẹ̀ àti owó orí ló ń sọ sí wọn lọ́kàn. Lọ́dọ̀ wa, òyìnbó ni ará Amẹ́ríkà tó ń gún èèyàn lábẹ́rẹ́. Thomas Jefferson Bowen láti Georgia ló kọ́kọ́ dé nínú àwọn Onítẹ̀bọmi, ó gba Àgbádárìgì wọlé ní 1850. Ó gbé ní Ìjàyè lọ́dọ̀ Kúrunmí, ó sì dé Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1855. Ìwé gírámà àti atúmọ̀ èdè Yorùbá tó kọ, àjọ ìmọ̀ Smithsonian ní Washington ló tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1858. Nígbà tó di 1907, Dókítà George Green dé, iṣẹ́ ìwòsàn wá fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ọsibítù Onítẹ̀bọmi yẹn ni ìyá ìyá mi bí ọmọ mẹ́fà sí. Wọ́n máa ń sọ̀rọ̀ nọ́ọ̀sì òyìnbó kan fún wa, tó jẹ́ pé tó bá dé ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì àgbàlagbà, á kúnlẹ̀, á kí wọn ní Yorùbá, á sì dúró lórí ìkúnlẹ̀ yẹn títí wọ́n á fi ròyìn àìsàn wọn tán. Ìyẹn ni ará Amẹ́ríkà tí ìyá àgbà mọ̀.

Èmi wá dàgbà, mo kàwé. Mo rí i pé ní 1845 ni àwọn Onítẹ̀bọmi Gúúsù Amẹ́ríkà yapa kúrò lára àwọn ará Àríwá, torí pé àwọn ará Àríwá ò gbà kí ẹni tó ní ẹrú ṣe míṣọ́nnárì. Ìjọ tó yapa yẹn ló rán Bowen sí wa. Ọdún 1995 ni wọ́n tó tọrọ àforíjì ní gbangba lórí ọ̀rọ̀ ẹrú. Ọjọ́ tí mo kà á, n ò lè jẹun alẹ́. N ò sọ fún ìyá àgbà títí wọ́n fi papò dà. Báwo ni mo ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ létí ẹni tí àwọn èèyàn yẹn bá gba ọmọ mẹ́fà láàyè?

Ẹ̀gbọ́n_Agbowó

Ọmọ Ajílété, o ṣeun gan-an. Ẹ jẹ́ kí n mú ti Ìbàdàn wá, torí ìtàn ẹ̀rín tí ìyá Tọ́lání sọ yìí, ó ti wáyé rí láàárín wa.

Bàbá mi jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn ní 1961. Òmìnira ò tíì ju ọdún kan lọ. Ọdún yẹn gan-an ni Ààrẹ Kennedy dá Peace Corps sílẹ̀, tí àwọn ọ̀dọ́ Amẹ́ríkà á fi wá ṣiṣẹ́ ìrànlọ́wọ́ lókè òkun fún ọdún méjì. Àwọn tó kọ́kọ́ wá sí Nàìjíríà wà nínú ọgbà yunifásítì, wọ́n ń gbára dì láti lọ ṣe tíṣà. Ní Oṣù Kẹwàá, ọ̀kan nínú wọn, Margery Michelmore, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún, kọ póòsìkáàdì sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Massachusetts. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn ò mọ̀ pé ìgbésí ayé èèyàn lè rẹlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, pé ojú títì ni gbogbo èèyàn ń gbé, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń dáná, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tajà, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń yàgbẹ́. Káàdì já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kó tó fi ránṣẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣa á nílẹ̀. Kò pẹ́ rárá tí ẹ̀dà rẹ̀ fi kárí gbogbo họ́ọ̀lù. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣèpàdé, wọ́n fárí gá, wọ́n ní kí gbogbo Peace Corps di ẹrù wọn. Ọmọbìnrin náà tọrọ àforíjì, ó padà sílé.

Mo pe bàbá mi lórí fóònù lánàá nítorí ìbéèrè yín. Wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún, àmọ́ ohùn wọn ṣì le lórí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n ní: "Irọ́ pátápátá kọ́ ló pa. Ẹni tó bá gba Ọjà Ọba kọjá nígbà náà mọ̀ pé a ń dáná lẹ́bàá títì. Àlejò wa ni. A jọ ń tò láti gba oúnjẹ. Láàárọ̀, á rẹ́rìn-ín, á ní báwo ni. Tó bá dalẹ́, á jókòó kọ̀wé nípa wa."

Ẹ̀rín yẹn ló dùn wọ́n ju káàdì lọ. Títí dòní, tí òyìnbó bá rẹ́rìn-ín sí bàbá mi, wọ́n á kọ́kọ́ wo ọwọ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, àwọn Peace Corps tó kù ò lọ. Ọ̀kan nínú wọn ló kọ́ àbúrò bàbá mi obìnrin ní físíìsì ní sẹ́kọ́ńdìrì. Àǹtí yẹn ṣì ní ìwé tí tíṣà náà fún un, ó fi bébà aláwọ̀ ilẹ̀ bò ó.

Tọ́kunbọ̀_Dallas

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìtàn. Díẹ̀ ni tèmi. Nígbà tí mo wà nílé ìwé, mo ṣiṣẹ́ agbóúnjẹ ní ilé oúnjẹ kan níbí. Wákàtí kan, $2.13. Iye tí òfin ìjọba àpapọ̀ gbà kí wọ́n máa san fún òṣìṣẹ́ tó ń gba típù, owó ọpẹ́ tí oníbàárà ń fi sílẹ̀, nìyẹn láti 1991, Texas ò sì fi kọ́bọ̀ kún un. Ọwọ́ oníbàárà ni ìyókù wà. Mo fi ẹ̀rín san owó ilé. Nítorí náà, tí mo bá gbọ́ tí ẹnì kan ń sọ pé ẹ̀rín wọn ò dénú, mo máa ń rántí ẹsẹ̀ mi tó wú nínú bàtà láago mọ́kànlá alẹ́, tí mo ṣì ń yọ eyín. Àṣà típù yìí ni wọ́n ń gbé kiri ayé tí wọ́n fi ń pè wọ́n ní olówó. Ní Japan, tí o bá fi típù sórí tábìlì, wọ́n lè sáré tẹ̀lé ọ láti dá a padà.

Àbúrò_Berlin

Mo kí gbogbo ẹ̀gbọ́n. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rín yìí wà lára ohun tó bá Walmart, iléeṣẹ́ ìtajà ńlá Amẹ́ríkà, jà ní Jámánì. Wọ́n wọ ibí ní 1997. Wọ́n ní kí àwọn òṣìṣẹ́ máa rẹ́rìn-ín sí gbogbo oníbàárà, wọ́n fi ẹni tí á máa kí èèyàn káàbọ̀ sẹ́nu ọ̀nà. Àwọn ará ibí ò mọ ohun tí wọ́n á fi èyí pè. Àwọn ọkùnrin kan tilẹ̀ rò pé ọmọge tó ń gbowó ń wá àwọn ni. Níbí, ẹni tí kò mọ̀ ọ́ kì í déédéé rẹ́rìn-ín sí ọ. Ó nídìí mìíràn tí ọjà ò fi tà, iye tí àwọn ilé ìtajà tó ti wà tẹ́lẹ̀ ń tà á wà níbẹ̀, àmọ́ ní 2006 wọ́n ta gbogbo ṣọ́ọ̀bù wọn fún iléeṣẹ́ Metro ti ibí, wọ́n lọ.

"Ami" ni wọ́n ń pe ará Amẹ́ríkà. Àwọn ojúgbà mi kì í fi ẹnu tó dùn pè é: Ami ń pariwo nínú ọkọ̀ ojú irin, Ami ò gbọ́ èdè kankan ju tirẹ̀ lọ. Ìyá arúgbó kan wà ní ìsàlẹ̀ ilé wa tí kì í bá wa sọ ọ́. Nígbà tí Soviet dí gbogbo ọ̀nà tó wọ ìwọ̀ oòrùn Berlin ní Oṣù Kẹfà 1948, ọkọ̀ òfuurufú Amẹ́ríkà àti ti Gẹ̀ẹ́sì ló ń kó oúnjẹ àti èédú wọlé fún ohun tó lé ní ọdún kan. Awakọ̀ òfuurufú kan, Gail Halvorsen, máa ń so súìtì àti ṣokoléètì mọ́ áńkáṣíìfù, á jù ú sílẹ̀ láti òkè fún àwọn ọmọdé tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápákọ̀ Tempelhof. Àwọn awakọ̀ mìíràn náà wá ń ṣe é. Ìyá yìí wà láàárín àwọn ọmọ yẹn. Wọ́n ní ọmọkùnrin kan tó ga ju àwọn lọ ló já èyí tó bọ́ nítòsí gbà, ó ṣẹ́ ẹ, ó fún wọn ní ìdá kan tí kò tó èékánná. Tí a bá ti bẹ̀rẹ̀ Ami báyìí, Ami báyìí, wọ́n á na èékánná àtàǹpàkò wọn sí wa, wọn ò ní sọ nǹkan kan.

Akúrẹ́_Olóyèmẹ́kún

Ẹ má bínú sí mi, ẹ̀ ń pọ́n wọn lé jù. Ní 2003, wọ́n sọ fún gbogbo ayé pé Iraq ní ohun ìjà tó lè pa ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n ya wọ ìlú onílùú, wọ́n wá ohun ìjà náà tì. Ẹ bi ará Baghdad bóyá ṣokoléètì ló rí tó ń já bọ́ láti òkè. Ohun tó ń yà mí lẹ́nu ni pé tí àwọn Pew, iléeṣẹ́ tó ń ṣèwádìí èrò aráyé, bá káàkiri ayé láti béèrè bí èèyàn ṣe fẹ́ràn Amẹ́ríkà sí, àwa Nàìjíríà a máa wà lára àwọn tó fẹ́ràn wọn jù, tí Tọ́kì yóò wà nísàlẹ̀. Kí la rí tí Tọ́kì ò rí? Lójú tèmi, físà ni. Gbogbo wa la ti gba fọ́ọ̀mù físà lọ́tìrì rí ní káfẹ́, kó tó di pé wọ́n yọ Nàìjíríà kúrò láti ti 2015, torí pé èèyàn wa tó ti wọlé lọ́dún márùn-ún ti lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta. Ibi tí èèyàn bá fẹ́ lọ, kì í fẹ́ bú u.

Ẹ̀gbọ́n_Agbowó

Olóyèmẹ́kún, n ò lè bá ọ jiyàn lórí Iraq. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Àmọ́ ìwọ náà rántí pé ọmọ ọdún mọ́kànlá ló béèrè ọ̀rọ̀ yìí lọ́wọ́ ìyá rẹ̀.

Aládé_Preston

Mo wà ní Preston, ní Lancashire. Àwọn àgbà ibí ṣì máa ń sọ ohun tí wọ́n ń sọ nípa sójà Amẹ́ríkà nígbà ogun Hitler: owó wọn ti pọ̀ jù, obìnrin ti pọ̀ lọ́rùn wọn jù, àti pé wọ́n wà lọ́dọ̀ wa níbí. Iléeṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà alára mọ̀. Ní 1942, wọ́n fún àwọn sójà wọn ní ìwé pẹlẹbẹ kan pé kí wọ́n má fi owó oṣù wọn yangàn, kí wọ́n má sì sọ fún ará Gẹ̀ẹ́sì pé àwọn làwọn bá a ṣẹ́gun ogun àkọ́kọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti kàn mí nìyí. Bamber Bridge ò jìnnà sílé mi rárá. Ní 1943, àwọn sójà Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú tó ń wa ọkọ̀ ẹrù wà níbẹ̀, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo àwọn ọ̀gá wọn ló jẹ́ funfun. Àwọn ọ̀gá ní kí àwọn ilé ọtí má jẹ́ kí dúdú àti funfun jọ mutí. Àwọn onílé ọtí lẹ pátákó mọ́ ẹnu ọ̀nà pé sójà dúdú nìkan ló lè wọlé. Ní alẹ́ ọjọ́ 24 Oṣù Kẹfà, ọlọ́pàá ológun fẹ́ mú àwọn sójà dúdú kan nílé ọtí Ye Olde Hob Inn. Àwọn ará abúlé gbè sẹ́yìn àwọn dúdú. Ó di ìbọn mọ́jú. William Crossland kú, ọ̀pọ̀ nínú àwọn dúdú tó kù ni wọ́n sì dá lẹ́bi pé wọ́n ṣọ̀tẹ̀.

Ilé ọtí náà ṣì wà. N kì í mutí, àmọ́ mo wọlé lọ́jọ́ kan, mo ra omi ọsàn, mo jókòó. Mo bi baba kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pé ṣé ìtàn náà rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní bàbá àwọn sọ fún àwọn pé ọmọlúàbí ni àwọn sójà dúdú yẹn, ìwà wọn dára ju ti àwọn ọ̀gá wọn lọ. Ará Amẹ́ríkà kan náà ni àwọn méjèèjì o.

Ìyálójà_Sùúrùlérè

Aládé, ọ̀rọ̀ rẹ ló mú mi wọ ibí. Láti òkè la ti ń sọ "ará Amẹ́ríkà", àwọn funfun la sì ń rò. Èwo wá ni ti àwọn dúdú ibẹ̀? A mọ orúkọ tí a ń pè wọ́n. Akátá. Orúkọ ẹranko igbó.

Mo gbé ní Atlanta fún ọdún mẹ́jọ kí n tó padà sí Èkó. Obìnrin dúdú kan ń gbé lókè ilé mi, iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe nígbà náà. Òun ló ń bá mi mú àwọn ọmọ láti ilé ìwé, ó ń bá mi di irun wọn lọ́jọ́ Àìkú, kò gba kọ́bọ̀. Ọjọ́ kan ló bi mí pé kí ni akátá túmọ̀ sí, pé òun gbọ́ ọ lẹ́nu mi lórí fóònù. Mo purọ́ fún un. Mo ní ẹni tó ń gbé Amẹ́ríkà ló túmọ̀ sí. Ó ní ó dáa, ó tún ń di irun lọ. Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí ọmọ mi. N ò tíì pe ọ̀rọ̀ yẹn mọ́ láti ọjọ́ náà, n kì í sì í jẹ́ kí wọ́n pè é níwájú mi.

Ìjà tí àwọn èèyàn yẹn jà ló bí òfin ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn 1964. Ọdún kejì, òfin ìwọ̀lú tuntun jáde, tó fòpin sí fífi ìlú tí èèyàn ti wá díwọ̀n ẹni tó lè wọlé. Ẹnu ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ nínú wa gbà wọ Amẹ́ríkà nìyẹn. Ta ló sì dúró tì wá nígbà ayé Abacha? Walter Carrington, aṣojú Amẹ́ríkà sí Nàìjíríà láti 1993 sí 1997, aláwọ̀ dúdú. Kò yé sọ̀rọ̀ ìjọba tiwa-n-tiwa. Nígbà tí wọ́n ń ṣe àpèjẹ ìdágbére fún un l'Ékòó, agbófinró tó gbé ìbọn dání ló wá tú u ká. Òpópónà tí kọ́ńsúlétì wọn wà ní Victoria Island, orúkọ rẹ̀ ló ń jẹ́ lónìí. Ìyá Tọ́lání, ẹ sọ ìtàn yẹn fún ọmọ yín. Ará Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú ni òun náà.

Olùkọ́_Salvador

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mò ń kọ́ni ní Yorùbá ní Bahia. Níbí, kí ẹ ṣọ́ra fún orúkọ yẹn gan-an. Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan dá mi dúró nínú kíláàsì, ó ní: "Olùkọ́, èmi náà ará Amẹ́ríkà ni." Lójú tiwọn, láti Kánádà títí dé Ajẹntínà ni Amẹ́ríkà, wọ́n ka bí orílẹ̀-èdè kan ṣe dá gba orúkọ náà sí ìgbéraga. "Estadunidense" ni wọ́n fẹ́ kí o sọ. Ní Cuba, "yuma" ni. Mo dé Matanzas lẹ́ẹ̀kan, mo bá baba onífá kan lálejò. Wọ́n fi ìdajì wákàtí ṣàlàyé bí òfin tí Amẹ́ríkà fi dí ọjà wọn láti 1962 ṣe ń fìyà jẹ wọ́n. Lẹ́yìn náà ni wọ́n lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn. Àbúrò wọn ló fi ránṣẹ́ láti Miami.

ÌyáTọ́lání_Houston

N ò mọ bí mo ṣe máa dúpẹ́. Mo ti ka gbogbo rẹ̀ fún ọmọ mi, mo ń túmọ̀ bí mo ṣe ń kà. Nígbà tí mo dé ibi ti akátá, ó ní kí n tún un kà.

Ó yẹ kí n sọ ohun tí n ò sọ lákọ̀ọ́kọ́. Màmá mi mọ ohun tí wọ́n ń sọ nípa ìbéèrè tí kò dúró gbèsì. Wọ́n wà lọ́dọ̀ mi ní 2017, wọ́n wá bá mi wẹ ọmọ nígbà tí mo bí ọkùnrin. Òyìnbó kan ń gbé ní ilé tó kọjú sí tiwa. Láràárọ̀ ló ń bi Màmá pé báwo ni, kí Màmá tó dáhùn ó ti tan mọ́tò. Ó ń bí wọn nínú gan-an.

Oṣù Kẹjọ yẹn ni ìjì Harvey dé. Òjò ò dá fún ọjọ́ mẹ́rin. Lọ́jọ́ kẹta, omi wọ pálọ̀, ó dé orúnkún, ó ń gun òkè bọ̀. Ọkọ mi wà ní ìrìn àjò. Mo gbé ọmọ tuntun sórí tábìlì ìdáná, mo fi aṣọ dì í mọ́ra. Nígbà tó yá, a gbọ́ tí ẹnì kan ń gbá fèrèsé. Ọkùnrin yẹn ni, ó fi ọkọ̀ ojú omi tó fi ń pẹja wá. Ó gbé àwọn ọmọ jáde, ó padà wọlé. Màmá ò lè gun ọkọ̀ náà torí orúnkún. Ó kẹ̀yìn sí wọn nínú omi, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó pọ̀n wọ́n. Màmá mi, tí wọ́n wé gèlè sórí. Lẹ́yìn tó gbé wa dé ibi gbígbẹ, kò dúró gba ọpẹ́. Òun àti àwọn kan tó fi ọkọ̀ ojú omi wá láti Louisiana ló ń kiri títì títí ilẹ̀ fi ṣú.

Mo sọ fún ọmọ mi pé ẹni kan náà ni, ẹni tí kì í dúró gbọ́ èsì.

Àbúrò_Berlin

Omi bọ́ lójú mi níbí, mà. Ṣé ọkùnrin yẹn ṣì wà ládùúgbò?

ÌyáTọ́lání_Houston

Ó wà. Nígbà tí a ń bọ̀ láti Ìbàdàn, Màmá fi àdìrẹ ẹlẹ́kọ rán mi sí i, wọ́n ní kó fi ṣe aṣọ tábìlì tàbí ohun tó bá wù ú. Mo mú un lọ lọ́jọ́ Sátidé. Ó tú u lórí kóríko iwájú ilé rẹ̀, ó ń fi ìka tọ àwọn ìlà rẹ̀. Ó bi mí pé báwo ni màmá mi. Mo ní dáadáa ni, mo ti ń yíjú padà láti sọdá títì.

Kò wọlé. Ó ṣì dúró síbẹ̀, àdìrẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní: "Orúnkún ọ̀tún yẹn ńkọ́?"